Gbèsè Ni Tàbí Sísan Díẹ̀díẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Di Awakọ̀ Òfuurufú

Kò sí ẹni tí ó ń gbé ní Ọ̀tà, ní Sàngó, ní Ìjokò tàbí ní Ìyànà-Ìyẹsí tí ìró ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ àjèjì sí etí rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni àwọn ọkọ̀ tí ó ń lọ sí pápá Ìkejà àti àwọn tí ó ń ti ibẹ̀ gbéra ń gba ojú ọ̀run wa kọjá. Òṣìṣẹ́ tí ó jáde iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń gbójú sókè wò wọ́n bí ó ti ń dúró de ọkọ̀ èrò tí yóò gbé e lọ sílé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé a sì máa nàka sí wọn láti inú ọgbà. Bí olùkọ́ bá bi ogójì ọmọ inú kíláàsì léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ dà lọ́la, yóò ṣòro kí ó má rí ọ̀kan tàbí méjì tí yóò dáhùn pé iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú ni òun yóò ṣe.

Ìdáhùn rere ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọmọ náà bá parí ẹ̀kọ́ girama, tí ó sì tún ọ̀rọ̀ yìí sọ níwájú baba àti ìyá rẹ̀, ìbéèrè kan yóò dìde nínú ilé: níbo ni owó rẹ̀ yóò ti wá? Ẹnìkan nínú ẹbí yóò ní kí baba fi ìwé ilé dógò ní báńkì, kí ó gba owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọmọ lè kọ́ṣẹ́ parí kíákíá. Ẹlòmíràn yóò ní kí wọn má ṣe jẹ gbèsè kọ́bọ̀ kan; bí owó bá ti ń wọlé ni kí ọmọ máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Àríyànjiyàn yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí, nítorí pé ilé tí ó bá ṣi ọ̀nà gbà nínú rẹ̀ lè pàdánù ilé, kí ó sì pàdánù iṣẹ́ náà pẹ̀lú.

Ohun Tí A Fẹ́ Rà

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ rà kí á tó máa jiyàn lórí bí a ó ti san owó rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò dàbí ẹ̀kọ́ ìwé tí a ń san owó rẹ̀ ní sáà sí sáà. Wákàtí ni a fi ń wọ̀n ọ́n. ICAO, àjọ àgbáyé tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òfuurufú, fi lélẹ̀ pé ẹni tí yóò gba láísẹ́ńsì àkọ́kọ́, èyí tí a fi ń wa ọkọ̀ kékeré láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, gbọ́dọ̀ ti tó ọmọ ọdún 17, kí ó sì ti fò fún 40 wákàtí. Ẹni tí yóò fi í ṣe iṣẹ́ oòjọ́ gbọ́dọ̀ ti fò fún 200 wákàtí, tàbí 150 bí ó bá jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ìlànà rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí yóò sì jẹ́ ọ̀gá nínú ọkọ̀ ńlá tí ó ń kó èrò gbọ́dọ̀ ti ní 1,500 wákàtí.

Wákàtí kọ̀ọ̀kan nínú wọ̀nyí ń jó epo. Olùkọ́ tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ń gba owó. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì ń gbó. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ọkọ̀ náà àti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ láti òkè òkun. Ọmọ náà yóò tún kọ́ bí a ti ń fò nínú ìkúùkù, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan, tí ó jẹ́ pé àwọn aago inú ọkọ̀ nìkan ni yóò máa wò. Yóò kọ́ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì méjì. Nígbà tí ó bá sì gba láísẹ́ńsì iṣẹ́ oòjọ́ tán, kò tíì lè jókòó síwájú Boeing 737, nítorí pé ọkọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹ̀kọ́ àti ìwé àṣẹ tirẹ̀, owó ọ̀tọ̀ sì ni. Níbi ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa dé tí wọ́n dúró: láísẹ́ńsì wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò rí ọkọ̀ wà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ńṣe ni àwọn tí ó ṣe òfin wọ̀nyí kàn fẹ́ ni wá lára. Àwa ará agbègbè yìí kò lè gbàgbé ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2005, nígbà tí ọkọ̀ Bellview tí ó gbéra ní Ìkejà, tí ó ń lọ sí Abuja, já lulẹ̀ ní abúlé Lísà ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, tí ènìyàn 117 sì bá a lọ. A kò mẹ́nu kàn án láti di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀mí ènìyàn ni a fẹ́ fi lé ọmọ yìí lọ́wọ́. Nítorí náà, kò sí wákàtí kan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí a lè gé kúrò kí owó lè dínkù. Ọ̀nà tí a ó gbà san án nìkan ni ó wà ní ìkáwọ́ wa.

Ta Ni Ó Ń San Án Tẹ́lẹ̀?

Ìbéèrè yìí kò ni àwọn tí ó ṣáájú wa lára tó báyìí. Ní ọdún 1946 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1958, Nàìjíríà dá tirẹ̀ dúró, èyí tí gbogbo wa padà mọ̀ sí Nigeria Airways. Ilé-iṣẹ́ náà ń wá ọmọ ilẹ̀ wa tí yóò rọ́pò àwọn awakọ̀ òyìnbó, ó sì ń rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ṣẹ́. Ní ọdún 1964, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ òfuurufú sílẹ̀ ní Zaria. Ibẹ̀ ni Captain Chinyere Kalu, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di awakọ̀ òfuurufú ní ilẹ̀ wa, ti kọ́ṣẹ́. Òun náà ni ó sì padà di ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ọdún 2011.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yóò rántí pé ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Èrò kan náà ni ó wà nídìí gbogbo rẹ̀: bí ọmọ kan bá ní ọgbọ́n tí ìlú nílò, ìlú ni yóò gbé ẹrù ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí pé ìlú ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n Nigeria Airways kógbá sílé ní ọdún 2003. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ni ó kù tí ó ń kó èrò, awakọ̀ tí ó ti mọ iṣẹ́ tán ni wọ́n sì fẹ́. Báyìí ni ẹrù náà ṣe bọ́ sí ọrùn baba àti ìyá.

Ẹjọ́ Gbèsè

Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ẹjọ́ gbèsè pẹ̀lú ọkàn títọ́, nítorí pé òun náà ní àwíjàre. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí ó bá ní owó gbogbo lọ́wọ́ yóò kọ́ṣẹ́ láìdúró. Ohun tí ó kọ́ lánàá kò ní tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀ tí yóò fi kọ́ tòní lé e. Yóò tètè parí, yóò tètè wáṣẹ́, ọjọ́ orí kò sì ní máa lé e.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tí ìjọba tú okùn ọrùn náírà ní àárín oṣù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, títí dọ́là kan fi kọjá náírà 1,500 ní oṣù kejì ọdún 2024. Ká sọ pé dọ́là 10,000 ni ó kù kí ọmọ kan san. Bí ó bá ti san án ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, náírà mílíọ̀nù 4.6 ni. Bí ó bá dúró di oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mílíọ̀nù 15 ni. Ẹni tí ó yá náírà tí ó sì tètè san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ jèrè nínú ọdún yẹn. Ẹni tí ó ń tọ́jú náírà díẹ̀díẹ̀ sínú àpótí ni ó pàdánù. Ẹni tí ó bá ní gbèsè kò ní ire kankan nínú kò sọ òtítọ́ tán.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yí ojú kejì rẹ̀ wò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 lórí 100. Èlé tí báńkì oníṣòwò ń bu lé ẹni tí ó wá yáwó lè ju èyí lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi náírà 30 lórí 100 ṣe ìṣirò. Ẹni tí ó bá yá mílíọ̀nù 10, tí kò sì rí nǹkan kan san, yóò jẹ mílíọ̀nù 13 ní òpin ọdún kan, mílíọ̀nù 16.9 ní òpin ọdún kejì, àti nǹkan bí mílíọ̀nù 22 ní òpin ọdún kẹta. Kí á fi èyí wé owó òṣìṣẹ́. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni náírà 77,000. Èyí jẹ́ náírà 924,000 lọ́dún. Èlé ọdún kan péré lórí gbèsè yìí ju owó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta lọ fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú owó kò sì tíì dín kọ́bọ̀.

Èyí tí ó tún burú jù ni pé gbèsè kò mọ ìgbà ọ̀dá. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà dé, wọ́n ti pápá ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ wa pa, ó sì di oṣù keje kí ọkọ̀ abẹ́lé tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Káàkiri ayé ni àwọn awakọ̀ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún pàdánù iṣẹ́. Kí ni kí á wá sọ nípa ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ńsì? Ẹni tí ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dáwọ́ dúró, ó sì dúró de ìgbà tí ayé yóò padà bọ̀ sípò. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kò lè dáwọ́ dúró, nítorí pé ọkọ̀ ni wọ́n dá dúró, ẹnikẹ́ni kò dá èlé dúró.

Ọ̀rọ̀ Ìwọ̀fà

Àwọn baba wa mọ gbèsè, wọ́n sì mọ iṣẹ́ tí a fi ń san gbèsè. Ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é. Àlùfáà Samuel Johnson ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ẹni tí ó bá yáwó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni ó dúró fún èlé. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àṣà náà tí ó ń mú un pẹ́ lóko olóko: bí ó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ tó, ojú owó kì í dín. Ní ọjọ́ tí ó bá rí gbogbo owó náà kó sílẹ̀ ni ó tó lè lọ.

A mẹ́nu kan èyí nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan láyé máa ń sọ fún ọ̀dọ́ pé, ‘A ó kọ́ ọ ní iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ yóò sìn wá fún ọdún báyìí-báyìí.’ Ethiopian Airlines ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Addis Ababa, ó sì ń kọ́ àwọn awakọ̀ tí yóò gbà síṣẹ́. Ìpinnu bẹ́ẹ̀ kò burú. Ní tòótọ́, ó dára ju ti báńkì lọ, nítorí pé ẹni tí ó yá ọ lówó náà ni ó ní ọkọ̀ tí o ó wà. Ṣùgbọ́n kí òbí tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó béèrè ohun kan: ṣé ọdún kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá fi ṣiṣẹ́ yóò máa gé lára ojú owó? Bí ó bá ń gé e, àdéhùn iṣẹ́ ni. Bí ọdún ń gorí ọdún tí gbèsè sì dúró gbọn-in sí ibi tí ó wà, ìwọ̀fà ni, bí ọmọ náà tilẹ̀ wọ aṣọ funfun tí ó sì de táì.

Ẹjọ́ Sísan Díẹ̀díẹ̀

Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà méjì ni ó wà fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí. Àwọn kan ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá, wọ́n a kọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní àkókò kan, wọ́n a sì san owó gọbọi. Àwọn mìíràn a kọ́ ọ ní ìpele-ìpele: wọn a gba láísẹ́ńsì àkọ́kọ́, wọn a padà sẹ́nu iṣẹ́ oòjọ́ wọn, wọn a tún kó owó jọ, wọn a sì gba èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ní ìkẹyìn, láísẹ́ńsì kan náà ni ìjọba ń fún àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó gba ọ̀nà ìpele-ìpele lè dúró níbikíbi tí ó bá rí i pé iṣẹ́ náà kò bá òun lára mu, kò sì sí ẹni tí yóò wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀nà yìí náà ní èlé tirẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ kà á kún èlé. Ẹ jẹ́ kí á fi ọmọ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan ń fò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Èkejì ń fò ní ìgbàkígbà tí ó bá rí owó wákàtí kan, èyí tí ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì. Nígbà tí ọmọ kejì bá padà dé, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù. Olùkọ́ yóò tún fi bí a ti ń balẹ̀ hàn án, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti san owó ẹ̀kọ́ ìbalẹ̀ nígbà kan rí. Iṣẹ́ tí 40 wákàtí tó fún ẹni àkọ́kọ́ lè gba ẹni kejì ní 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tí ó rò pé òun ń ṣọ́ ná ti bá ẹ̀yìnkùlé lọ. Èlé gbèsè, owó ni. Èlé ìdádúró, ìgbàgbé ni. Ẹni tí ó bá sá fún èkíní kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó sínú èkejì.

Àṣìṣe kẹta tún wà, èyí tí kì í ṣe gbèsè, tí kì í sì í ṣe sísan díẹ̀díẹ̀. Òun ni kí ẹni tí ó ní owó kó gbogbo rẹ̀ lé ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti yá ilé-ẹ̀kọ́ lówó láìgba ìwé, láìgba èlé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Tayside Aviation, ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú kan tí ó ti pẹ́ ní ìlú Dundee ní Scotland, kógbá sílé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti san owó sílẹ̀ sì pàdánù owó wákàtí tí wọn kò tíì fò. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní ìlú òyìnbó, kí a má ṣe rò pé kò lè ṣẹlẹ̀ ní tiwa.

Èrò Tiwa

Ní tiwa, lẹ́yìn tí a ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí ìwọ̀n, sísan ní ìpele-ìpele ni a fara mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe sísan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ra iyọ̀ ẹ̀wọ̀n. Ìpele ni kí á máa san. Kí ọmọ àti òbí kó owó ìpele kan jọ pé pérépéré kí ọmọ tó fẹsẹ̀ wọ ọkọ̀. Nígbà tí ó bá sì wọ̀ ọ́, kí ó fò ó láìdúró títí ìpele náà yóò fi parí. Lẹ́yìn èyí, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ó tún kó owó èyí tí ó kàn jọ. Bí a bá ṣe é báyìí, èlé owó kò ní rí wa mú, èlé ìgbàgbé náà yóò sì dínkù. Ní àkókò tí a ń kó owó jọ, kí a má ṣe fi náírà sílẹ̀ kí ó máa jẹrà. Òfin fàyè gbà á kí ènìyàn ní àkáǹtì owó òkèèrè ní báńkì. Kí ọmọ sì máa ka ìwé ìpele tí ó ń bọ̀, nítorí pé ìwé kò jó epo.

Ṣáájú gbogbo èyí, kí ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ìjọba yàn fún àyẹ̀wò awakọ̀ òfuurufú. Ojú tí kò mọ àwọ̀ yàtọ̀, ọkàn tí kò lù déédéé, wọ́n lè dènà iṣẹ́ yìí pátápátá. Ìbànújẹ́ ńlá ni kí a ta ilẹ̀ tán kí a tó mọ̀ pé dókítà kò ní fọwọ́ sí i.

Bí ó bá wá di dandan kí á yáwó, kí ó jẹ́ ní ìpele ìkẹyìn, nígbà tí ó kù díẹ̀, kì í ṣe ní ìpele àkọ́kọ́ tí a kò tíì mọ̀ bóyá ọmọ náà lè fò. Kí á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ àti olùkọ́, níbi tí èlé ti mọ níwọ̀n tí àwọn tí ó yá wa lówó sì mọ ojú wa. Kí á má ṣe fi ilé tí àwọn àbúrò ọmọ náà ń sùn sí dógò. Ní ti ìwé àṣẹ ọkọ̀ ńlá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yáwó nítorí rẹ̀ àyàfi bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti kọ̀wé pé òun yóò gbà á síṣẹ́. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ojúṣe Ìjọba

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò dìde wí pé, ‘Ẹ̀yin olóòtú, ọ̀rọ̀ olówó ni ẹ ń sọ. Ẹni tí ó ń gba náírà 77,000 kò lè kó owó ìpele kan jọ láéláé.’ Òtítọ́ ni, a kò sì ní bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àpò baba nìkan, ọmọ olówó nìkan ni yóò máa wa ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa. Níbi yìí ni ìjọba ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọdún 1972, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí yóò máa yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ọ̀pọ̀ gbà á, wọn kò san án padà, ètò náà sì kú. Àwọn àgbà ti wí tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san, ó bẹ́gi dí ẹgbàafà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó gbé NELFUND dìde. Owó tí ètò yìí ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ènìyàn bá sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán ni sísan bẹ̀rẹ̀, láti inú owó iṣẹ́ rẹ̀. Irú gbèsè yìí kò dàbí ti báńkì: ó ń dúró de iṣẹ́ kí ó tó béèrè owó. Ìlànà rẹ̀ ni a fẹ́ kí ìjọba lò fún àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ òfuurufú.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba má ṣe kó owó fún ọmọ kan kí ó sì padà lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ètò ìdáríjì tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009 fún àwọn ọ̀dọ́ Niger Delta sọ àwọn kan nínú wọn di awakọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọn kò gba ìwé àṣẹ ọkọ̀ ńlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sílé fún ọdún púpọ̀. Owó ti lọ, ọgbọ́n sì ń jẹrà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Airways kéde ní ọdún 2023 pé òun yóò san owó ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí ó lè tó pọ́n-ùn 100,000 lórí ọmọ kan, nítorí pé ó rí i pé ọmọ tálákà tí ó ní ọgbọ́n kò lè dé ọ̀dọ̀ òun bí òun kò bá ná owó náà.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ti kọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú sí ẹ̀bá Ìpẹru àti Ìlíṣàn. A yìn ín fún èyí. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí ó kọ́ ibi tí ọkọ̀ yóò balẹ̀ sí, ó yẹ kí ó ronú nípa ọmọ tí yóò wa ọkọ̀ náà. Àbá tí a mú wá kò le. Kí ìjọba yan ọmọ díẹ̀ lọ́dọọdún nípa ìdánwò tí kò ní ojúsàájú, kì í ṣe nípa ẹgbẹ́ òṣèlú tí baba wọn ń ṣe. Kí ó san owó ìpele àkọ́kọ́ fún wọn. Ẹni tí ó bá yege, kí ó san ìpele kejì fún un, títí dé ìwé àṣẹ ọkọ̀ ńlá. Ẹni tí kò bá yege, kí ó dúró níbẹ̀, kí owó tí ó kù lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó wà ní Sàngó-Ọ̀tà àti Agbára, tí wọ́n ń fi lágbájá iṣẹ́ àwọn ará wa jèrè, fi tiwọn kún un. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ ń gbọ́ ìdáhùn ọmọ wọ̀nyí. Ẹ má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ má sì ṣe tàn wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ìṣirò àti ẹ̀kọ́ físíìsì ni ìpele tí ó ṣáájú gbogbo ìpele, àti pé owó rẹ̀ ni ó kéré jù lọ nínú gbogbo owó tí wọn yóò san. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó ti ọmọ yín pẹ̀lú bébà àti kálàmù kí ẹ tó lọ sí báńkì. Ẹ kọ ìpele kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ kọ iye rẹ̀ síwájú rẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín pé, ‘Bí iṣẹ́ bá dúró fún ọdún kan, ta ni yóò san èyí?’ Bí ẹ bá rí ìdáhùn, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ dúró ná, kí ẹ tún kó owó jọ sí i. Ọmọ tí ó fi ọdún méjì pẹ́ kí ó tó dé òfuurufú kò pàdánù nǹkan kan tó ọmọ tí ó tètè dé ibẹ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ kò sì ní ilé mọ́ nígbà tí ó bá balẹ̀.